Ṣéènì Kì Í Já Lójijì

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n bá yín jà díẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ sókè, kì í ṣe ìjà ẹ̀ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá jà, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ ní Kpankou, ní Idigny, ní Kétu àti ní àwọn abúlé tó yí wọn ká. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: "Ṣéènì mi já lójijì."

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣéènì alùpùpù máa ń sọ̀rọ̀ kí ó tó já. Ó lè fi oṣù mẹ́ta sọ̀rọ̀. Ó ń pariwo, ó ń fò lórí eyín, ó ń rọ̀ wálẹ̀, ó ń dípẹtà. Àwa la di etí wa. Ìgbà tó bá wá já, a ó ní ayé ló ṣe wá, tàbí kí a bú àwọn ará Ṣáínà tó ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, a ó ra òmíràn, a ó sì tún di etí.

Ta ló wà lórí alùpùpù tí ṣéènì rẹ̀ já? Ìyá tó pọn ọmọ ni, tó ń gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Àgbẹ̀ tó di àpò àgbàdo méjì sẹ́yìn ni. Aboyún tí ọmọ ti ń mú lóru ni. Ní ilẹ̀ wa, alùpùpù ni ọkọ̀ ọjà, òun ni ọkọ̀ aláìsàn, òun ni ọkọ̀ ìyàwó. Nígbà mìíràn, òkú pàápàá, òun ló ń gbé e lọ sílé. Ohun tó ń fa gbogbo ẹrù yìí, ṣéènì kan ṣoṣo ni, tí kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ.

Tí ṣéènì bá já, ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀. Ó lè bọ́ sílẹ̀ lọ́nà, kí alùpùpù sì dúró ní jẹ̀lẹ́ńkẹ́. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, kó dúpẹ́. Ó sì lè ká jọ mọ́ irin eléyín iwájú, kó há síbẹ̀, kó fọ́ ara ẹ́ńjìnnì, kí táyà ẹ̀yìn sì gan lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó wà lórí eré nígbà náà kò ní rí àyè pe Jésù tàbí kó sọ pé Bìsìmílà.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún mọ́ ṣéènì yín kí ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ó rí i pé oríkèé ni gbogbo ara rẹ̀. Ó ju 100 oríkèé lọ lára alùpùpù tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nínú oríkèé kọ̀ọ̀kan, ìṣó kékeré kan wà. Ìṣó náà wọ inú irin kan tó ní ihò bíi fèrè. Irin roboto mìíràn tún wọ̀ lé e lórí, tó ń yí fúnra rẹ̀. Èyí ló ń jókòó sáàárín eyín. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hans Renold, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé irú ṣéènì yìí jáde ní ọdún 1880. Ó ti lé ní 140 ọdún báyìí, bí ó ṣe tò ó náà la ṣì ń tò ó.

Ṣéènì wà láàárín irin eléyín méjì. Kékeré wà níwájú, lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì. Àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é ní pínyọ̀n bí àwọn Faransé ti ń pè é. Ńlá wà lẹ́yìn, lára táyà. Òun ni wọ́n ń pè ní kúrónù. Ẹ fi orúkọ méjèèjì sọ́kàn, torí ẹ máa bá wọn pàdé ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀, kí ẹ mọ iṣẹ́ tí irin yìí ń ṣe. Táyà ẹ̀yìn alùpùpù wa, tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti rìn tó mítà kan àti 80 sẹ̀ǹtímítà. Nínú kìlómítà kan, ó ti yí ní nǹkan bí ìgbà 550. Ká ní eyín 42 ló wà lára kúrónù. Nígbà náà, 550 lọ́nà 42 jẹ́ 23 100. Ìyẹn ni pé nínú kìlómítà kan ṣoṣo, oríkèé bí 23 000 ló ti gun orí eyín ẹ̀yìn, tó sì ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tó ń ná ọjà Kétu láti Kpankou, lọ àti bọ̀, ní gbogbo ọjọ́ ọjà.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ṣéènì ti nà. Irin kì í nà bíi rọ́bà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìṣó ń tín-ín-rín, ihò tó wọ̀ sì ń fẹ̀, nínú oríkèé kọ̀ọ̀kan. Tí oríkèé kan bá jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin mílímítà, ìyẹn 0,25, ojú kò lè rí i. Ṣùgbọ́n 100 oríkèé lọ́nà 0,25 jẹ́ 25. Ṣéènì náà ti fi sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀ gùn sí i, ó sì ń rọ̀ jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ lábẹ́.

Níbi yìí gan-an ni ìjà mi kìíní wà. Tí ṣéènì bá rọ̀ débi pé kò ṣeé fà mọ́, àwọn mẹkáníìkì kan máa ń sọ pé: "Mo máa gé oríkèé méjì kúrò fún ọ." Wọ́n á gé e, wọ́n á fi òòlù lù ú pa pọ̀, wọ́n á gba owó. Inú ẹni tó ni alùpùpù á dùn pé òun kò ra tuntun. Ẹ gbọ́, gígé oríkèé kò wo oríkèé tó kù sàn. Gbogbo wọn ṣì ti jẹ. Àárín ìṣó kan sí èkejì ṣì fẹ̀ ju àárín eyín kan sí èkejì lọ, wọn kò sì bára mu mọ́. Ṣéènì tó kúrú yìí yóò máa gun eyín lọ sókè, yóò máa jẹ ẹ́. Ẹni tó sanwó fún iṣẹ́ yìí ti sanwó láti ba irin eléyín rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà kà, ẹ kò nílò kí mẹkáníìkì sọ fún yín bóyá ṣéènì ti kú. Ẹ yá rúlà ọmọ yín tó ń lọ iléèwé, èyí tó jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo ara ṣéènì, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Púpọ̀ nínú tiwa jẹ́ 428. Lára 428, àárín ìṣó kan sí èkejì jẹ́ mílímítà 12,7 nígbà tó wà ní tuntun. Ẹ fa ṣéènì náà kó le, kí ẹ ka ìṣó 21. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti àárín ìṣó kìíní dé àárín ìṣó kọkànlélógún. Kí ló dé tó fi jẹ́ 21? Tí ẹ bá ri òpó 21 mọ́lẹ̀ láti fi ṣọgbà, àlàfo 20 ni ẹ ó kà. Àlàfo 20 yìí la fẹ́. 20 lọ́nà 12,7 jẹ́ 254. Tí rúlà bá sọ pé 254 tàbí 255, ṣéènì yín ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Tó bá ti dé 259, ó ti darúgbó kọjá iṣẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ibi mẹ́ta lára ṣéènì, torí kì í jẹ dọ́gba.

Rúlà yìí kò ju iye tí ẹ fi ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín lójú ọ̀nà lọ. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi pé òun kò lówó rúlà.

Ìjà mi kejì le ju ti ìṣáájú lọ. Ó kan àwa tí a ń ra ṣéènì nìkan, tí a ń fi pínyọ̀n àti kúrónù sílẹ̀. Ẹ lọ wo eyín náà. Eyín tuntun dà bí òkè kékeré, ọ̀tún àti òsì rẹ̀ dọ́gba, orí rẹ̀ sì fẹ̀ díẹ̀. Eyín tó ti jẹ máa ń mú ṣóńṣó, ó sì máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí èékánná àṣá. Tí ẹ bá rí èékánná àṣá lára alùpùpù yín, iṣẹ́ ti parí. Ẹ tún lè ṣe báyìí: ẹ lọ sí ẹ̀yìn pátápátá kúrónù, níbi tí ṣéènì ti ń yí po, kí ẹ fi ìka méjì fa ṣéènì sẹ́yìn. Tó bá lẹ̀ mọ́ eyín pinpin, ó dára. Tó bá ṣí kúrò débi tí ẹ fi lè rí ààbọ̀ eyín lábẹ́ rẹ̀, kò dára mọ́.

Ṣéènì àti eyín máa ń jẹ pọ̀ bí tọkọtaya tó ti pẹ́ pọ̀. Bí ṣéènì ṣe ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni eyín ń tẹ̀ láti bá a mu. Ẹ wá mú ṣéènì tuntun, tí àárín ìṣó rẹ̀ pé 12,7 géérégé, ẹ gbé e lé eyín tó ti tẹ̀ mọ́ ṣéènì àtijọ́. Oríkèé díẹ̀ péré ni yóò máa gbé gbogbo ẹrù náà. Eyín tó dà bí ìwọ̀ yóò máa di irin roboto náà mú nígbà tó yẹ kó jọ̀wọ́ rẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, ṣéènì tuntun yóò ti darúgbó bí èyí tí ẹ jù nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ẹ bá gbé eyín tuntun sábẹ́ ṣéènì tó ti jẹ.

Àwọn kan tiẹ̀ máa ń pààrọ̀ ṣéènì àti kúrónù, wọ́n á fi pínyọ̀n sílẹ̀ nítorí pé ó kéré, ó sì fara sin lábẹ́ ìdérí. Òun gan-an ló ń jìyà jù. Ká ní eyín 14 ló wà lára pínyọ̀n, tí 42 sì wà lẹ́yìn. 14 wọ inú 42 lọ́nà mẹ́ta. Tí kúrónù bá yí lẹ́ẹ̀kan, pínyọ̀n ti yí lẹ́ẹ̀mẹta. Eyín iwájú kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ìlọ́po mẹ́ta eyín ẹ̀yìn. Ẹ ṣí ìdérí yẹn.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ní: "Kò sówó." Mo gbọ́. Kò sẹ́ni tó ń ta àgbàdo ní Kpankou tí yóò ní owó pọ̀ lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò, nítorí owó kan náà là ń sọ. Iye tí mo fẹ́ kọ yìí, àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ fi iye ọjà tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká ní ṣéènì nìkan jẹ́ 3 000 fráǹkì, kí ṣéènì pẹ̀lú pínyọ̀n àti kúrónù sì jẹ́ 7 500. Ẹni tó ra ṣéènì nìkan, tó gbé e lé eyín àtijọ́, ká ní ó lò ó fún oṣù mẹ́ta. Lọ́dún kan, yóò rà á lẹ́ẹ̀mẹrin: 12 000. Ẹni tó ra gbogbo rẹ̀ pọ̀, tó sì ń tọ́jú rẹ̀, ká ní ó lò ó fún ọdún kan: 7 500. Ẹni tí kò lówó ló ná 12 000. Ẹ kò tíì ka owó mẹkáníìkì ẹ̀ẹ̀mẹrin sí i, tàbí ọjọ́ tí alùpùpù fi dúró sílé láìpa kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ epo ló kàn. Ilẹ̀ wa pupa. Nígbà ọyẹ́, eruku rẹ̀ ń wọ imú, ó ń wọ ọbẹ̀, ó ń wọ aṣọ tó wà nínú àpótí. Yanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú eruku yìí. Tí ó bá wọ oríkèé ṣéènì, yóò máa lọ ìṣó bí òkúta tí a fi ń pọ́n ọ̀bẹ. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ ni, irin á sì dípẹtà. Ní ìlú tí gbogbo ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ọ̀dà, ẹnìkan lè gbàgbé ṣéènì díẹ̀ kó mú un jẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, kò ṣeé ṣe.

Kí ni a sì ń ṣe? A ń lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, a ní kó fún wa ní epo dúdú tó tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, èyí tí a ń pè ní fidáńjì, a sì ń dà á lé ṣéènì lórí pẹ̀lú eruku rẹ̀. Ẹ bi ara yín: kí ló dé tí wọ́n fi tú epo náà dànù? Nítorí pé ó ti bàjẹ́ ni. Èéfín wà nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun irin wà nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ti pọ̀, ẹ wá ń fi bọ́ ṣéènì. Mo gbà pé ṣéènì tí a fi fidáńjì sí sàn ju èyí tó gbẹ tó ń ké. N kò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ epo ẹ́ńjìnnì tuntun, tàbí epo jíà tí wọ́n kọ 90 sí lára agolo rẹ̀, kò wọ́n fún iṣẹ́ yìí, torí díẹ̀ ni ṣéènì ń fẹ́. Ìgò kékeré kan lè pẹ́ lọ́wọ́ yín fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìyókù epo tí ẹ bá dà sí i jù, ẹ̀yìn aṣọ ìyàwó yín ló ń ta sí.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ẹ gbé alùpùpù dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ àárín, kí táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Mo tún un sọ: ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò. Àwọn kan máa ń fi jíà sí i kí táyà máa yí fúnra rẹ̀, kí wọ́n lè máa fi àkísà nu ṣéènì. Àkísà á wọ eyín, ìka á tẹ̀ lé àkísà. Ìka tí eyín yìí bá gbé, kò sí ilé ìwòsàn tó lè dá a padà fún un. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí táyà.

Ẹ fi epo fìtílà díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ ẹrẹ̀ àti ọ̀rá dúdú kúrò. Ẹ má fi epo bẹntiróò tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú alùpùpù fọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ kpayo tàbí ti ilé epo: iná rẹ̀ kò ṣeé bá ṣeré. Ẹ nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kán epo tuntun ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí apá inú ṣéènì, níbi tó ti kọjá lábẹ́, sí àárín àwọn irin pẹlẹbẹ, kí ó lè wọ ibi tí ìṣó wà. Epo tó wà lóde ara ṣéènì, ẹwà lásán ni. Ẹ yí táyà díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi yí ṣéènì ká. Ó dára kí ẹ ṣe é lálẹ́, nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òde, tí ṣéènì ṣì gbóná díẹ̀: epo á wọlé kíá, á sì ní gbogbo òru láti fi jókòó. Ní òwúrọ̀, ẹ nu èyí tó kù lóde kúrò, torí òun ló ń pe eruku. Ẹni tó ń fi alùpùpù ṣiṣẹ́ sẹ́míjàn lójú ọ̀nà eruku, kí ó máa ṣe èyí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Tí òjò bá pa á gan-an, kí ó ṣe é lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ má rò pé mo ti gbàgbé àwọn tó fẹ́ràn kí ṣéènì le bí okùn gángan. Wọ́n pọ̀. Wọ́n ní tí ṣéènì bá rọ̀, kò lágbára. Wọ́n ń fà á títí kò fi ní mira mọ́, wọ́n á wá gbé èèyàn méjì àti àpò gàrí kan sẹ́yìn. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹrù bá tẹ alùpùpù mọ́lẹ̀, apá tó di táyà ẹ̀yìn mú máa ń gbé sókè, pínyọ̀n àti kúrónù á sì jìnnà síra wọn sí i. Ṣéènì tó ti le tẹ́lẹ̀, níbo ni yóò ti rí àfikún? Kò ní ibì kankan. Ó ń fa irin inú ẹ́ńjìnnì tó gbé pínyọ̀n dúró, ó ń ba bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ jẹ́. Ṣéènì kò wọ́n tó ẹ́ńjìnnì.

Ẹ gbé alùpùpù dúró, ẹ fi ìka gbé ṣéènì sókè kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní agbede méjì pínyọ̀n àti kúrónù, níbi tó ti kọjá lábẹ́. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yẹ kó mira ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta lára àwọn alùpùpù kéékèèké wa. Ìwé tó bá alùpùpù wá, tàbí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ló sọ iye tó péye. Òun ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ yí táyà kí ẹ wọ̀n ọ́n ní ibi mélòó kan. Ibi tó bá le jù ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n. Tí ẹ bá fẹ́ fà á, ẹ tú nọ́ọ̀tì ńlá àárín táyà díẹ̀, kí ẹ wá yí nọ́ọ̀tì kéékèèké ẹ̀yìn ní ọ̀tún àti ní òsì, iye kan náà. Àmì wà lára irin ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ kà á kí wọ́n dọ́gba. Tí wọn kò bá dọ́gba, táyà á dojú kọ ẹ̀gbẹ́, ṣéènì á sì máa fá ẹ̀gbẹ́ eyín. Ẹ dè é padà dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bíréèkì ẹ̀yìn wò, nítorí táyà tó sún sẹ́yìn ti fa irin bíréèkì pẹ̀lú. Bíréèkì lè máa di táyà mú láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìdérí ṣéènì. Alùpùpù àwọn Japan àtijọ́, bíi Honda C50 àti C90, ìdérí wọn bo ṣéènì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwọn tó ṣe é kì í ṣe òmùgọ̀. Ìdérí ń lé eruku, ó sì ń lé aṣọ. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, tí ìdérí bá ti ń dún díẹ̀, a ó tú u, a ó jù ú sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá wa á wá jókòó sẹ́yìn, á da ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìró rẹ̀ á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ sí ibi tí eyín ti ń yí. Ọmọ kékeré á jókòó sáàárín, á máa wá ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé. Ẹ lọ gbé ìdérí yín wá láti ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ dè é padà. Tó bá ń dún, bóòtù ló ń wá.

Ọ̀rọ̀ tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ẹni tó ni alùpùpù àti ẹni tó ń gùn ún. Iṣẹ́ sẹ́míjàn gbilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1980 sókè, nígbà tí ìyà ń jẹ ìlú tí iṣẹ́ ìjọba sì ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Orúkọ náà, èdè Fọ̀n ni: gbé mi kíákíá. Títí di òní, púpọ̀ nínú àwọn tó ń gùn ún, alùpùpù náà kì í ṣe tiwọn. Wọ́n ń sanwó fún olówó rẹ̀ lójoojúmọ́ tàbí lọ́sẹ̀. Àwọn mìíràn ń san án díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tiwọn. Tí ṣéènì bá ń ké, ẹni tó ń gùn ún ní: "Kì í ṣe tèmi, olówó rẹ̀ ni kó tún un ṣe." Olówó rẹ̀ ní: "Èmi kọ́ ni mo ń gùn ún, ẹni tó ń lò ó ni kó tún un ṣe." Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn. Èrò tó gùn ún, tó ti san owó rẹ̀, kò mọ̀ pé àríyànjiyàn ló jókòó lé.

Mo ní ẹ̀yin méjèèjì jẹ̀bi, àmọ́ olówó jẹ̀bi jù. Owó tó ń wọ àpò yín lójoojúmọ́, ara ṣéènì yẹn ló ti ń jáde. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí, ẹ má fi ẹnu lásán ṣe àdéhùn mọ́. Ẹ kọ ọ́ pé epo àti ìfọ̀ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gùn ún, pé ṣéènì pẹ̀lú pínyọ̀n àti kúrónù wà lọ́wọ́ olówó nígbà tí rúlà bá sọ 259. Rúlà kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Kí ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹni kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà kan. Kí ẹni tó ń gùn ún tún ní ìwé kékeré kan lábẹ́ àga alùpùpù, tí yóò máa kọ ọjọ́ tó fi epo sí ṣéènì, ọjọ́ tó wọ̀n ọ́n, àti iye tí rúlà sọ. Tí ìjà bá dé, kó ṣí ìwé náà. Aago tó ń ka kìlómítà lára alùpùpù wa sábà máa ń kú. Ọjọ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ kì í kú.

Nígbà tí ẹ bá wá lọ ra ṣéènì ní Kétu tàbí ní Ìpóbẹ̀, ẹ mú ìwé náà dání, kí ẹ ti kọ nọ́ńbà mẹ́ta sínú rẹ̀ láti ilé: nọ́ńbà ara ṣéènì, iye eyín pínyọ̀n, iye eyín kúrónù. Ẹ ka eyín náà fúnra yín, ẹ fi ẹfun sàmì sí èyí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ tún ka iye oríkèé. Nọ́ńbà 420 àti 428 jọra lójú, àárín ìṣó wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà, 12,7. Ṣùgbọ́n inú 420 há ju ti 428 lọ: kò ní wọ eyín 428. Èyí tó jẹ́ 428 á wọ eyín 420, á sì máa jó ní ọ̀tún àti òsì títí yóò fi bọ́. Tí ẹ bá rí 428H, H yẹn ń sọ pé irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn ju ti 428 lásán lọ. Ó dára fún ẹni tó ń ru ẹrù. Kí mẹkáníìkì tó pa á pọ̀, ẹ dúró tì í. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tó ń ti oríkèé ìkẹyìn, ó rí bí ẹja: orí rẹ̀ dí, ìrù rẹ̀ là sí méjì. Orí ẹja ni kó dojú kọ ibi tí ṣéènì ń sáré lọ, ìrù ni kó wà lẹ́yìn. Tí wọ́n bá fi ìrù ṣáájú, ohunkóhun tó bá kàn án lọ́nà lè ṣí i.

Tí ẹni tó ń tà á bá sì sọ fún yín pé, "Bàbá, ẹ gba èyí tó wà nílẹ̀, ìkan náà ni gbogbo wọn," ẹ gba ṣéènì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ yí i sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀ sókè fún un.